Àtọ́ọ̀mù Imí-Ọjọ́ Kan: Bí Kẹ́mísírì Ṣe Sọ Lẹ́tà Àbùdá Di Oògùn

(Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ ní Ilé-Ifẹ̀ níwájú àwọn nọ́ọ̀sì, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, akẹ́kọ̀ọ́ àti òbí. Mo tún un kọ fún àwọn tí kò lè wá.)

Mo kí gbogbo ilé pátá. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ wà níjòókòó, mo júbà o. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ ti Iléṣà wá, ẹ kú ọ̀nà. Ẹ̀yin olùkọ́ kẹ́mísírì, inú mi dùn jù pé mo rí yín, torí pé tiyín gan-an ni ọ̀rọ̀ òní.

Wọ́n ní kí n wá ṣàlàyé àwọn oògùn tuntun tó ń dojú kọ àbùdá ènìyàn. Ìròyìn wọn ń jà ràn-ìn lórí rédíò àti lórí fóònù wa, àwọn kan sì ń sọ ọ́ bíi pé idán ni. Kì í ṣe idán. Lẹ́tà àbùdá, ìyẹn A, C, G àti T tí wọ́n fi kọ ìlànà ara wa, fúnra rẹ̀ kì í ṣe oògùn. Tí ẹ bá gún un sí ènìyàn lára bó ṣe wà, ara á fọ́ ọ túútúú kó tó débi tí ẹ rán an. Àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì tó pààrọ̀ àtọ́ọ̀mù kan níhìn-ín, tí wọ́n fi òmíràn kún un lọ́hùn-ún, àwọn ló sọ ọ́ di oògùn. Iṣẹ́ yìí ni mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa mọ̀ ọ́n ṣe, torí ẹ̀jẹ̀ tiwa wà nínú ìmọ̀ náà, ẹ óò rí i láìpẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi tó ń dun ilé wa bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ní Wesley Guild ní Iléṣà mọ ohun tí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ń fi ojú ọmọ rí. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á wú, egungun á máa ro ó tí kò fi ní lè sùn, ibà pọ́njú á hàn lójú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á gbẹ lára rẹ̀ lójijì. Ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa pè ní àbíkú. Ohun tó fà á kò ju lẹ́tà kan ṣoṣo lọ. Nínú àbùdá tó ń sọ bí ara yóò ṣe mọ hẹmoglóbíìnì, purotéènì tó ń gbé ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀, ibì kan wà tó yẹ kó kà pé GAG. Lára ẹni tó ní àrùn yìí, A àárín ti di T, ó wá ń kà pé GTG. Nítorí èyí, ohun kékeré kan tí wọ́n ń pè ní valine á jókòó sáyè glutamic acid nínú purotéènì náà, tí ọ́síjìn bá sì dín kù, sẹ́ẹ̀lì pupa á ká kò bíi dòjé. Ọmọ tó jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá ni SS. Nǹkan bí ẹnì 1 nínú ọmọ Nàìjíríà 4 ló jẹ́ AS, iye tí wọ́n sì sábà máa ń pe àwọn ọmọ tí à ń bí pẹ̀lú àrùn náà lọ́dọọdún jẹ́ nǹkan bí 150,000. Kò sí orílẹ̀-èdè kankan láyé tó tó tiwa.

Tí lẹ́tà kan bá lè dá irú wàhálà yìí sílẹ̀, ṣé lẹ́tà náà kọ́ ló yẹ ká fi wá ojútùú? Ìbéèrè tó wà lọ́kàn àwọn onímọ̀ fún ìgbà pípẹ́ nìyẹn.

Inú kókó sẹ́ẹ̀lì ni DNA, okùn tí wọ́n kọ lẹ́tà àbùdá sí, ń gbé, kì í jáde. Ọba kì í fi ààfin sílẹ̀ torí gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹmẹ̀sẹ̀ ló máa ń gbé àrokò jáde. RNA ni ẹmẹ̀sẹ̀ náà. Wọ́n á da apá tí wọ́n nílò kọ láti ara DNA, RNA á gbé e jáde lọ síbi tí wọ́n ti ń mọ purotéènì, wọ́n á kà á níbẹ̀, wọ́n á sì ṣe ohun tó wí. Tí àrokò bá ti dàrú, tàbí tó ń pọ̀ jù, àrùn dé. Nítorí náà kò pọn dandan kí a wọ ààfin lọ. A lè pàdé ẹmẹ̀sẹ̀ lọ́nà.

Ní 1978, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Paul Zamecnik àti Mary Stephenson, fi èyí dán an wò. Lẹ́tà àbùdá máa ń mọ ẹnìkejì rẹ̀: A ń wá T, G ń wá C. Wọ́n kọ ègé DNA oní-lẹ́tà 13 tó jẹ́ òdìkejì apá kan nínú àbùdá fáírọ́ọ̀sì kan tó ń fa jẹjẹrẹ lára adìyẹ. Wọ́n fi í sínú sẹ́ẹ̀lì adìyẹ, agbára fáírọ́ọ̀sì náà láti pọ̀ sí i sì wálẹ̀.

Èrò náà péye, ṣùgbọ́n láti inú ìgò yàrá àyẹ̀wò dé inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn jìnnà. Ẹ̀jẹ̀ wa kún fún ẹ́ńsáìmù tí iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa gé DNA àti RNA àjèjì, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, torí àrùn ló sábà máa ń gbé irú rẹ̀ wọlé. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ègé tí kò ní ààbò ti di wẹ́wẹ́. Èyí tí wọn ò bá gé, kíndìnrín á sẹ́ ẹ sínú ìtọ̀. Èyí tó bá tún ṣẹ́kù, awọ sẹ́ẹ̀lì kò ní fẹ́ jẹ́ kó wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ síbi tó kàn, torí òun ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀. Ohun tó so lẹ́tà kan mọ́ èkejì nínú DNA ni fọ́sífétì. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kan wà láàárín, ọ́síjìn mẹ́rin yí i ká. Méjì nínú ọ́síjìn náà di ṣúgà ọ̀tún àti ṣúgà òsì mú. Méjì tó kù yọ síta, wọn ò so nǹkan kan pọ̀. Láàárín àwọn ọdún 1960 sí 1970, onímọ̀ kan ní Jámánì tó ń jẹ́ Fritz Eckstein yọ ọ̀kan nínú méjì tó yọ síta yìí, ó fi imí-ọjọ́ sáyè rẹ̀. Imí-ọjọ́ yìí kan náà ni, èyí tí àwọn ìyá wa ń rà lọ́jà fún ara yíyún. Àtọ́ọ̀mù kan péré ló yàtọ̀ lórí ìdè kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀ ẹ́ńsáìmù tó bá dé ibẹ̀ láti gé e, ọwọ́ rẹ̀ á fà. Imí-ọjọ́ náà tún ń jẹ́ kí ègé yìí lè rọ̀ mọ́ purotéènì inú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín ò wá ráyè sẹ́ ẹ dànù. Ohun tó ń parẹ́ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá ní àsìkò láti rìn dé ẹ̀dọ̀, dé kíndìnrín fúnra rẹ̀, dé àwọn ẹ̀yà ara mìíràn.

Ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò, ẹ gbọ́ eléyìí náà. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí imí-ọjọ́ bá wọ̀ lè dojú kọ ọ̀tún, ó lè dojú kọ òsì. Oògùn kan tó ní irú ìdè bẹ́ẹ̀ 17 lè jáde ní oríṣi 131,072, tí lẹ́tà gbogbo wọn jẹ́ ọ̀kan náà. Àpòpọ̀ gbogbo wọn ni aláìsàn ń gbà. Títí di òní, àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí bóyá ó tọ́ ká yà wọ́n sọ́tọ̀.

Imí-ọjọ́ nìkan kò tó. Ó ń dín agbára tí ègé náà fi ń di òdìkejì rẹ̀ mú kù díẹ̀, tó bá sì pọ̀ jù, rírọ̀ tó ń rọ̀ mọ́ purotéènì lè di ìyọnu fún ẹ̀jẹ̀ àti kíndìnrín. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi yíjú sí ṣúgà. RNA ní ọ́síjìn àti háídírójìn kan níbi tí a ń pè ní ipò kejì lára ṣúgà rẹ̀. Ibẹ̀ ni àìlera rẹ̀ ti ń wá, torí ibẹ̀ ló ti ń já ara rẹ̀. Wọ́n bò ó. Àwọn kan fi methyl bò ó, àwọn kan fi fluorine rọ́pò rẹ̀, àwọn kan fi ohun tó gùn díẹ̀ tí a ń pè ní methoxyethyl, MOE ní ìkékúrú, bò ó. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ti ṣúgà náà pa pátápátá kó má lè mì. Lẹ́yìn èyí, ègé náà á di òdìkejì rẹ̀ mú gírígírí, ẹ́ńsáìmù á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀ ọ́n mọ́.

Níbí ni ọgbọ́n wà. Nígbà mìíràn a fẹ́ kí ara gé RNA búburú náà dànù. Ẹ́ńsáìmù kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì, RNase H, tó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ tó bá rí RNA tó so mọ́ DNA, ṣùgbọ́n kò dá ṣúgà tí a ti bò mọ̀. Wọ́n wá fi MOE sí lẹ́tà 5 níwájú, MOE sí lẹ́tà 5 lẹ́yìn, wọ́n fi nǹkan bí 10 sílẹ̀ láàárín gẹ́gẹ́ bíi DNA lásán. Etí méjèèjì ń dáàbò bò ó, àárín ń pe ẹ́ńsáìmù wá ṣiṣẹ́.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, a kò fẹ́ gé nǹkan kan. Ẹ wo èyí:

TCACTTTCATAATGCTGG

Lẹ́tà 18 ni. Nusinersen ni orúkọ oògùn náà. Àwọn ọmọ kan wà tí àbùdá SMN1 kò ṣiṣẹ́ lára wọn; iṣan ara wọn á máa rọ, àwọn tí tiwọn le jù kì í lè jókòó fúnra wọn, mímí á sì wá di ìṣòro. Ọ̀pọ̀ nínú wa ní àbùdá ìkejì, SMN2, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba, àmọ́ nígbà tí ara bá ń to àrokò rẹ̀, ó sábà máa ń fo apá kan. Adrian Krainer àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí i pé tí lẹ́tà 18 yìí bá lọ bo ibì kan pàtó lórí RNA náà, ara kò ní fo apá yẹn mọ́. MOE wà lórí gbogbo ṣúgà rẹ̀, imí-ọjọ́ wà lórí gbogbo ìdè rẹ̀, àwọn 17 tí mo ní kí ẹ ṣírò. Wọ́n fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà ní December 2016. Inú omi tó yí ọ̀pá ẹ̀yìn ká ni wọ́n ń gún un sí: ìgbà 4 láàárín nǹkan bí oṣù méjì àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀kan lóṣù 4-4. Àwọn ọmọ tí wọn kì bá ti jókòó ti jókòó, àwọn tí wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀ sí tọ́jú ti rìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ro ó wò. Láìsí imí-ọjọ́ àti MOE, lẹ́tà 18 yẹn ò bá ti parẹ́ kí ọjọ́ tó ṣú.

Òun kọ́ ni àkọ́kọ́. 1998 ni fomivirsen ti gba àṣẹ, fún àwọn tó ní àrùn AIDS tí fáírọ́ọ̀sì kan ń ba ojú wọn jẹ́. Ọdún 1998 kan náà ni Andrew Fire àti Craig Mello fi hàn pé RNA aláwẹ́ méjì lè pa àbùdá lẹ́nu mọ́, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2006. Láti ibẹ̀ ni oríṣi oògùn kejì ti wá, èyí tí patisiran jẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 2018.

Ìṣòro tó wá kù ni bí yóò ṣe dé ibi tí a rán an. Fún ẹ̀dọ̀, wọ́n rí ojútùú tó rẹwà. Ara sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ní ohun kan tó ń mú ṣúgà kan báyìí tí a ń pè ní GalNAc wọlé. Wọ́n so GalNAc mẹ́ta mọ́ ìdí RNA tí wọ́n ti tún ṣe, wọ́n gún un sábẹ́ awọ, ẹ̀dọ̀ sì gbà á wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Inclisiran, tó ń dín ọ̀rá búburú inú ẹ̀jẹ̀ kù ní nǹkan bí ìdajì, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń gún un lẹ́yìn ti àkọ́kọ́ àti ti oṣù kẹta. Òmíràn wà tí wọ́n ń dán wò fún ẹ̀jẹ̀ ríru, zilebesiran, tí agbára abẹ́rẹ́ ẹyọ kan rẹ̀ lè wà lára fún oṣù 6. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní òbí tó ń gbàgbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lórí tábìlì, ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Mo ní ẹ̀jẹ̀ tiwa wà nínú ìmọ̀ yìí. PCSK9 ni àbùdá tí inclisiran ń pa lẹ́nu mọ́. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé pípa á lẹ́nu mọ́ kò léwu? Ní 2005, ní ìlú Dallas, Jonathan Cohen àti Helen Hobbs rí àwọn Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú kan tí wọ́n bí pẹ̀lú PCSK9 tó bà jẹ́. Ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ wọn kéré, ara wọn sì le. Ní 2006 wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pé àrùn iṣan ọkàn fi 88% kéré lára irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ọmọ àwọn tí wọ́n kó kọjá òkun ló fi ọ̀nà han ayé.

Èkejì súnmọ́ wa jùyẹn lọ. Nígbà tí wọ́n ń kọ ìwé àbùdá àgbáyé tí wọ́n ń pè ní HapMap, Yorùbá Ìbàdàn wà lára àwọn ìran àkọ́kọ́ tó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ní 2010, irú ìmọ̀ yìí ló tan ìmọ́lẹ̀ sí APOL1, àbùdá kan tí oríṣi méjì rẹ̀ pọ̀ gan-an láàárín wa, torí ó ń gbèjà ènìyàn lọ́wọ́ kòkòrò tó ń fa àrùn oorun. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, ewu kí kíndìnrín rẹ̀ bà jẹ́ ń pọ̀ sí i. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2024, tí wọ́n ṣe lára ènìyàn 8,355 ní Nàìjíríà àti Gánà, nǹkan bí 30 nínú ọgọ́rùn-ún ló jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá. Àwọn ilé-iṣẹ́ ti ń dán lẹ́tà òdìkejì wò fún APOL1 báyìí. Mo sọ ọ́ gbangba: kò tọ́ kí oògùn tí wọ́n fi ìmọ̀ ara wa ṣe máa dé bá àwọn ẹlòmíràn kó tó kàn wá, kò sì tọ́ kó jẹ́ pé àlejò nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Kí n tó tẹ̀ síwájú, ọ̀rọ̀ kan ṣì wà lẹ́nu àwọn ènìyàn pé abẹ́rẹ́ Kòrónà yí àbùdá padà. Moderna, tí mílíọ̀nù 4 rẹ̀ dé Nàìjíríà láti Amẹ́ríkà ní August 2021, RNA ni. Ní 2005, Katalin Karikó àti Drew Weissman rí i pé tí wọ́n bá fi pseudouridine, ìbátan lẹ́tà U tó yàtọ̀ díẹ̀, rọ́pò lẹ́tà U (èyí tí RNA ń lò dípò T), ara kò ní gbógun ti RNA tí a ṣe níta bíi ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n gba Nobel lórí rẹ̀ ní 2023. RNA yìí kì í wọ kókó sẹ́ẹ̀lì, kì í kan DNA. Ó ń jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an, ó sì ń parẹ́. Nusinersen àti inclisiran náà kì í yí DNA padà: tí ẹ bá dá abẹ́rẹ́ dúró, agbára wọn á tán bó pẹ́ bó yá.

Èyí tó ń fọwọ́ kan DNA gan-an ni CRISPR, ọ̀nà tí wọ́n fi ń gé DNA níbi tí wọ́n bá fẹ́, òun ló sì kan fòníkú-fọ̀ladìde jù. Ní November 2023 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti ní December ọdún náà ní Amẹ́ríkà, wọ́n fọwọ́ sí Casgevy, ìtọ́jú oní-CRISPR fún àrùn náà. Wọ́n á mú sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ẹ̀jẹ̀ jáde lára aláìsàn, wọ́n á gé ibì kan lára àbùdá BCL11A, kí ara lè padà sí hẹmoglóbíìnì tí ọmọ ń lò nínú oyún, èyí tí kì í ká kò. Nínú ènìyàn 31 tí wọ́n lè ṣírò, 29 ló lo ọdún kan, ó kéré tán, láìní ìrora ńlá. Nínú iṣẹ́ CRISPR náà, RNA ló ń fọ̀nà han ọ̀bẹ. Ní 2015 àwọn onímọ̀ fi hàn pé tí wọ́n bá fi methyl àti imí-ọjọ́ dí etí RNA náà méjèèjì, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nínú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn. Ẹ rí i pé imí-ọjọ́ kan náà la tún bá níbẹ̀.

Owó Casgevy ní Amẹ́ríkà jẹ́ mílíọ̀nù 2.2 dọ́là fún ẹnì kan, aláìsàn sì gbọ́dọ̀ gba oògùn jẹjẹrẹ tó lágbára kí wọ́n tó dá sẹ́ẹ̀lì náà padà. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo irú oògùn wọ̀nyí ló ń yọrí sí rere. Tominersen, tí wọ́n retí pé yóò ran àwọn tó ní àrùn Huntington, àrùn àjogúnbá tó ń ba ọpọlọ jẹ́, lọ́wọ́, wọ́n dá gígún rẹ̀ dúró nínú ìwádìí ńlá kan ní March 2021, torí àǹfààní rẹ̀ kò ju ewu rẹ̀ lọ.

Kí ló wá kàn wá ní Ifẹ̀? Ní Wesley Guild ní Iléṣà àti ní Ìmẹ̀sí-Ilé ni David Morley ti ṣiṣẹ́ lórí ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 láwọn ọdún 1950 sókè, káàdì ìwọ̀n ọmọ tó ti ibẹ̀ jáde sì di ohun tí wọ́n ń lò káàkiri ayé. Ìmọ̀ lè ti ibí jáde. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń to lẹ́tà DNA kò tóbi ju tábìlì lọ, ọ̀nà tí Marvin Caruthers fi lélẹ̀ ní nǹkan bí 1981 ló sì ń lò. Wọ́n á so lẹ́tà kìíní mọ́ orí òkúta wẹ́wẹ́ bíi yanrìn, wọ́n á da ásíìdì sí i kó lè ṣí ẹnu rẹ̀. Omi tó bá jáde á pọ́n bí ọsàn. Bí àwọ̀ náà bá ki, iṣẹ́ dára. Bó bá ṣá, nǹkan ti bà jẹ́. Lẹ́tà kejì á wọlé, wọ́n á wá fún ìdè náà ní ọ́síjìn tàbí imí-ọjọ́. Tí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá yege ní 99%, lẹ́tà 20 á jáde ní nǹkan bí 83%. Tó bá jẹ́ 98%, ó ti wálẹ̀ sí 68%. Omi díẹ̀ tó bá wọ inú kẹ́míkà tó yẹ kó gbẹ ló ń fa ìyàtọ̀ yẹn. Ẹni tó bá lè kọ́ ọmọ girama láti gbẹ ìgò rẹ̀ dáadáa kó tó ṣe àyẹ̀wò ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ ní iṣẹ́ yìí.

Màmá kan tó ti Iléṣà wá béèrè bóyá kí òun dá hydroxyurea ọmọ òun dúró, kí òun máa dúró de oògùn tuntun. Rárá o, mà, ẹ má dá a dúró. Hydroxyurea náà ń gbé hẹmoglóbíìnì inú oyún sókè, ó sì wà nítòsí. Ẹ máa mú ọmọ lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní àsìkò tí dókítà bá dá, ẹ fún un ní folic acid àti oògùn tó ń dènà ibà, ẹ má jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ ẹ́. Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ dókítà nípa àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré nínú ọpọlọ, torí òun ló ń fi ewu rọpárọsẹ̀ hàn ṣáájú. Tó bá rí nǹkan níbẹ̀, òun ló máa sọ bóyá ẹ máa fi gbígba ẹ̀jẹ̀ kún ìtọ́jú náà.